Ìlà Omi Lábẹ́ Òrùlé

Kámẹ́rà wà lórí tábìlì, ẹni tó ni ín kò sí. Ohun tó dẹ́rù ba ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

"Ìyàwó mi lè gbàgbé èmi gan-an sílé," ọkọ náà wí. "Kò lè gbàgbé kámẹ́rà yìí. Tá a bá jọ ń lọ sóde, á ní kí n dúró, á máa ya ògiri tó ti dọ̀tí. Mo ti ń jowú ògiri, ẹ gbọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà wo yàrá iṣẹ́ yí ká. Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí gbólóhùn tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ níbi gbogbo nìyẹn. Iṣẹ́ àwọn ará ibí yìí ni kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́, kó sì dà bí ilé kọnkéré tí òjò ti pa títí tó ti gbó. Obìnrin tó sọ nù yìí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ògiri gidi ló máa ń yà, á wá fi awọ rẹ̀ bo ilé inú kọ̀ǹpútà, tòun ti èérí àti ìpẹtà rẹ̀.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọn ò ti rí i mọ́, Àbámẹ́ta sì ti dé. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwòrán kan ti orí fóònù rẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí: "Iṣẹ́ ti parí. Mo fẹ́ lọ sinmi díẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù náà kú.

"Wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì jà," Má-fọwọ́-kàn-án sọ fún ọkọ.

"A jà. Ó fẹ́ gba iṣẹ́ níbòmíì, mo ní ó jìnnà jù. Ahọ́n àtẹnu náà ń jà, ẹ jọ̀ọ́. Aránṣọ ni mí. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òun."

Má-fọwọ́-kàn-án jáde lọ bá Bàbá Géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ sọ ọ́ sókè!" Bàbá Géètì pariwo. "Iná wà o, ọ̀gá, síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń wá yẹn ṣiṣẹ́ ní a ò gbọ́dọ̀ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ dí mi létí!"

"Ṣé ẹ rí obìnrin náà nígbà tó ń jáde?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n mo lọ jẹun lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Mo ṣí táńkì omi abẹ́ ilẹ̀ tó ti gbẹ fáwọn tó máa wá fọ̀ ọ́, mo gbé àkàbà sínú ẹ̀, mo lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti dé e, wọ́n ti ti àgádágodo rẹ̀ pa. Mo ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ tán nìyẹn." Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè tẹ àgádágodo yẹn pa. Ẹ má kó o sí mi lọ́rùn o!"

Ọkọ̀ omi fọn fèrè lẹ́nu géètì. Bàbá Géètì sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún un.

Má-fọwọ́-kàn-án padà wọlé lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá obìnrin náà ṣiṣẹ́. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kì í gbóhùn sókè.

"Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo rí wọn kẹ́yìn, mà," ó wí. "Wọ́n parí àwòrán, wọ́n gbé báàgì, wọ́n lọ."

"Wọ́n fi kámẹ́rà sílẹ̀?"

"Bóyá ó ti sú wọn ni, mà."

Pẹ̀lẹ́ fi àwòrán tó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì hàn án. Ilé arẹwà ni, òrùlé rẹ̀ fẹ̀, ó bo ògiri ẹ̀yìnkùlé kan mọ́lẹ̀. Ìlà dúdú kan gba ara ògiri yẹn kọjá, gbọọrọ, kò tẹ̀ sápá kan. Ewéko tútù ti hù sísàlẹ̀ ìlà náà; òkè rẹ̀ mọ́.

"Kí ni ìyàwó yín máa ń sọ nípa èérí ara ògiri?" Má-fọwọ́-kàn-án bi ọkọ.

"Pé òjò ló ń kọ ọ́, òkè ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ibi tí èérí ti wá ò bá hàn, ó máa ń pa odindi àwòrán rẹ́ ni."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà tún tẹjú mọ́ àwòrán náà. Òjò kì í dé abẹ́ òrùlé. Omi tó ń ṣàn kì í fa irú ìlà yìí. Omi tó dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀, bíi ti inú táńkì, ló ń fà á.

Ó sáré jáde. Ọkọ̀ omi ti ki páìpù bọ ojú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, omi ti ń wọlé.

"Ẹ dá omi dúró! Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn!"

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró nǹkan tó ń kan ògiri lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kò. Kò. Kò.

Ọkọ figbe ta. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Géètì lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí táńkì. Látìgbà ọmọdé ni Má-fọwọ́-kàn-án ti ń bẹ̀rù ibi tó há. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ wọlé. Obìnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri. Omi ti dé ìbàdí rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há.

Nígbà tí wọ́n ti gbé e jókòó sínú oòrùn, Má-fọwọ́-kàn-án yíjú sí Pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó ṣí táńkì. O ní ó parí àwòrán láàárọ̀, ó sì lọ. Báwo ni ògiri inú táńkì ṣe dénú àwòrán àárọ̀? Aránṣọ ò mọ iṣẹ́ yín, Bàbá Géètì ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Pẹ̀lẹ́ ò jiyàn.

"Wọ́n wọnú táńkì lọ ya ògiri ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, wọ́n na kámẹ́rà sí mi, kí wọ́n lè fọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú. Mo gba kámẹ́rà. Mo sì fa àkàbà jáde, mo dé táńkì, mo tẹ àgádágodo pa. Fóònù wọn wà nínú báàgì lórí tábìlì, òun ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá."

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Wọ́n fẹ́ lọ, mà. Àwọn ni wọ́n ya gbogbo ògiri tá à ń lò níbí. Tí wọ́n bá kó o lọ, gbogbo ayé á mọ̀ pé èmi ò mọ nǹkan kan."

"Ògiri tó lè tú ẹ fó yẹn, kí ló dé tó o fi lò ó?"

"Mi ò rí èyí tó dára tó ìyẹn rí."

"Kò sígbà tó o gbọ́ igbe ẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ," ó wí, ohùn rẹ̀ ò sì ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. "Ìgbà yẹn ni mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mà."