Fìlà Méjì Lórí Mi

Kí n tètè jẹ́wọ́ agọ̀ mi kí ẹlòmíràn tó bá mi rò ó. Èmi ìyá àgbà, tí ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àga méjì nínú bọ́ọ̀sì, ni mo dé fìlà méjì léra wọn, tí mo ń jó tí mo ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ihò atẹ́gùn kan, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lè rí fọ́tò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn.

Ìjọba fi ìsinmi kún òpin ọ̀sẹ̀, la bá lọ wo ìlú ńlá. Afinimọ̀nà wa fún gbogbo wa ní fìlà pupa kí a má baà sọnù. A wo ilé gogoro, a wo afárá. Ìrọ̀lẹ́ la dé odi àtijọ́ kan tí yàrá ẹ̀wọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun. Bí a ti jáde, ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn irin gbọin. Ó ní ó di ìgbà tí ìsinmi bá parí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó ọkùnrin kan nínú wa ti di àwátì. Ọkọ rẹ̀, ẹlẹ́nu dídùn, ń sunkún ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní àwọn jọ padà dé, pé obìnrin náà jáde lọ gba atẹ́gùn ni, kò sì wọlé mọ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá kò ga, kì í sì í pariwo. Ó bi afinimọ̀nà bóyá gbogbo èrò ló kúrò ní odi. Ìyẹn búra pé òun ka fìlà wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó pé.

“Fìlà lo kà, àbí èèyàn?”

Afinimọ̀nà ní fìlà ni. Ọlọ́pàá bá ní kí á kó fọ́tò wa wá. Ó pẹ́ lórí tèmi, èyí tí a yà lẹ́yìn odi, lẹ́bàá ihò atẹ́gùn.

“Màmá, ta ló ni fìlà kejì yìí?”

“Ìyàwó ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ọkọ ẹ̀ ló ní kí n bá òun dé e, pé ó ń fún ìyàwó òun lórí, pé ìyẹn ti lọ sùn nínú bọ́ọ̀sì.”

Ọlọ́pàá yíjú sí ọkọ.

“Ọ̀gbẹ́ni, ẹ wo bọ́ọ̀sì lẹ́yìn Màmá nínú fọ́tò yìí. Awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ni. Ibo ni ìyàwó yín gbà wọlé sùn? O gba fìlà lórí ẹ̀, o tì í mọ́ yàrá ẹ̀wọ̀n, o wá wá orí òmùgọ̀ tí fìlà náà máa gbà jáde kí iye lè pé. Màmá, ẹ má bínú.”

Èmi wo ni n óo bínú? Ẹkún ọkùnrin náà dá wáí. Ó ní obìnrin náà ti sọ pé bí àwọn bá délé, òun ń kọ ọkọ sílẹ̀ nìyẹn.

A sáré padà sí odi, ẹ̀ṣọ́ ṣí ilẹ̀kùn irin. Ilẹ̀ yàrá ẹ̀wọ̀n la bá obìnrin náà, èékánná rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn yàrá náà, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ihò atẹ́gùn wà lókè orí rẹ̀. Mo mọ ihò náà. Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì wò mí títí.

“Màmá,” ohùn rẹ̀ ti há, “mo kígbe títí. Ẹ̀rín yín ni mo ń gbọ́.”