Ojú Ń Ti Fergal Lórí Òkè

Nuala ń bu tíì sínú ife lọ́wọ́ nígbà tí Fergal, ọkọ rẹ̀, yọ̀ lórí òkúta tútù. Kí ó tó yíjú, ọkùnrin náà ti wà nílẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ó ń payín keke.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Kùrukùru ti ń gun òkè bọ̀ láti ojú òkun, ó sì ti bo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá.

"Jẹ́ kí n pe àwọn adóòlà orí òkè," ni Nuala wí.

"Má dán an wò! Èmi tí wọ́n bí sẹ́sẹ̀ òkè yìí? Tó bá fi máa di Sọ́ńdè, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbọ́."

Nuala mọ ohun tó ń dùn ún. Àwọn àlejò kan sọnù lórí òkè yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, odindi ọ̀sẹ̀ kan sì ni Fergal fi wọ́n rẹ́rìn-ín nílé ọtí.

Fergal nawọ́ sí ipa ọ̀nà àgùntàn kan. "Jẹ́ ká gba ibí yìí. Ibi tí àgùntàn ń gbà, èèyàn ò lè gbà á ni?"

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin làgùntàn ní, Fergal. Ẹyọ kan ló kù fún ẹ."

Kò gbọ́. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Nuala gbọ́ ariwo omi nísàlẹ̀ wọn gan-an. Ó tẹ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, lórí fóònù rẹ̀.

"Tínú bá ń bí ẹ, kó máa bí ẹ. Mi ò fẹ́ dopó."

Kò pẹ́ tí Imelda, tó ń se oúnjẹ nílé ìwé abúlé wọn, tó tún jẹ́ olórí àwọn adóòlà, fi pè é padà. Nuala sọ ọ̀nà tí Fergal ń gbà fún un, ó sì ṣí ohùn fóònù sókè kí ọkọ rẹ̀ náà lè gbọ́.

"Ẹ má kúrò lójú kan o! Etí ọ̀gbun lọ̀nà yẹn parí sí. Koríko làgùntàn ń wá, kì í ṣe ilé. Ẹ wọ gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ ní, kẹ́ ẹ sì sá fún atẹ́gùn sẹ́yìn òkúta."

"Imelda, ojú ń tì mí," ni Fergal wí.

"Ọkùnrin kan tijú báyìí lọ́dún tó kọjá títí ilẹ̀ fi ṣú. Òkú ẹ̀ la gbé sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ṣì ń bi mí pé kí ló dé tí bàbá òun ò pè wá."

Fergal padà wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí àwọn adóòlà fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè etí òkun, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnì kan kí ẹ tó jáde, pẹ̀lú àkókò tí ẹ máa dé. Bí ewu bá dé, ẹ pe 112 nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, ẹ ní adóòlà orí òkè lẹ fẹ́. Wọn kì í gbowó, wọn kì í sì í bú èèyàn. A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kúkú fi Fergal ṣẹ̀sín ní Sọ́ńdè yẹn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ láàyè tó ń gbọ́ ọ.