Ọjọ́ Tí Ìkìrun Gbé Ikùn Lọ sí Òkukù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé-ẹ̀kọ́, mo kí yín kú ìkàwé, mo sì kí yín kú ìgbà èwe tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí, tí ó jẹ́ kí á lè jókòó kí á máa rántí àná pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí.

"Ẹ jókòó, kí ẹ sì la etí yín," ni Tíṣà Olúbọ̀dé wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní ọdún 1958. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ Módà kan, irú èyí tí à ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà nígbà náà, ní Ìkìrun jókòó yí olùkọ́ wọn ká lórí koríko, òógùn ń ṣàn lára wọn. Àsìkò yẹn dùn, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ní àkísà ìró tó mọ́ ni í rí aṣọ fi di ọrùn ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù aláwọ kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ ní, ọ̀rá ni wọ́n sì fi ń pa á kí ó má baà gbẹ, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè kọjá lọ sí Ọ̀fà, eré á dúró díẹ̀ kí gbogbo wọn lè juwọ́ sí àwọn èrò inú rẹ̀.

"Lọ́la," Tíṣà tún wí, "a ó bá àwọn ọmọ Òkukù pàdé nílé wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá bá wa níhìn-ín, ọ̀mì ni a ta. Ẹni tó bá borí lọ́la ni yóò lọ du ife ní Òṣogbo. Èmi yóò gun kẹ̀kẹ́ mi ṣáájú ní kùtùkùtù láti lọ bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ wo pápá. Ajíbádé, ìwọ ni olórí wọn. Ọwọ́ rẹ ni mo fi wọ́n lé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: lẹ́yìn ẹ̀kọ òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu àfi ọsàn, títí eré yóò fi parí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà," ni Ajíbádé dáhùn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já.

Ìdí tí àyà rẹ̀ fi já rèé. Ọmọ Ìnísà ni ìyá rẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Àbẹ̀kẹ́, pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun yóò kọjá ní Ìnísà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó fi iyán ṣe wọ́n lálejò. Ó ti ń fi iyán náà yangàn kiri kíláàsì: "Ẹ ò tíì jẹ iyán rí! Ẹ jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ màmá mi." Wàyí o, Tíṣà ti fòfin dè é. Ó ronú láti sọ ọ́ fún Tíṣà, ojú tì í. Tíṣà Olúbọ̀dé ló yàn án láàárín gbogbo wọn, ó sì fọkàn tán an bí ẹni fọkàn tán ọmọ tó bí. Ajíbádé kò fẹ́ kí ìfọkàntán yẹn já. Ó ronú láti ránṣẹ́ padà sí Ìnísà, kò rí ẹni rán. "Ọlọ́run á ṣe é," ni ó wí fún ara rẹ̀, ó sì lọ sùn.

Ní ọjọ́ kejì, lọ́rì tí ó gbé wọn dúró ní Ìnísà láti já ẹrù àwọn ọlọ́jà sílẹ̀. Kí wọ́n tó sọ̀ tán, Màmá Àbẹ̀kẹ́ ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bọ̀ tijótijó, ó ń fi oríkì pe ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Àkànjí mi! Àkànjí ọkọ mi! Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nìyí? Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọkọ mi. Apá àwọn ìyàwó ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já lórí odó nítorí yín."

Oyèdélé, aṣọ́lé wọn, fa Ajíbádé láṣọ. "Balógun, ọ̀rọ̀ Tíṣà ńkọ́?"

Ajíbádé wo ojú màmá rẹ̀ tí ó kún fún ayọ̀. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí òórùn ọbẹ̀ ti mú kí wọ́n máa lá ètè.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún un?" ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ti gún un tán. Ẹ jẹ́ kí a kàn tọ́ ọ wò."

"Títọ́wò kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù," ni Oyèdélé wí. "Adépọ̀jù ni."

Adépọ̀jù ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù lápá òsì, ẹlẹ́fẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jẹun nínú àwo kan. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ jẹ iyán? Mo kàn fẹ́ kí i ni."

Ha! Iyán náà funfun bí òwú, kò ní kókó rárá. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, ẹran ọ̀yà sì yọ orí nínú rẹ̀. Ajíbádé tilẹ̀ gbàdúrà sórí rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún oúnjẹ tí wọ́n ti ní kí ó má jẹ. Òkèlè kìíní pe ìkejì. Màmá dúró tì wọ́n, ó ń wí pé, "Ẹ ò jẹun! Àbí kò dùn ni?" Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní tún na ọwọ́ sí àwo? Oyèdélé pàápàá jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ yóò fi fọn fèrè, Adépọ̀jù kò lè dá gun lọ́rì mọ́. Ńṣe ni wọ́n tì í sókè bí àpò kòkó.

Èrò ti kún etí pápá ní Òkukù, oòrùn sì mú ganrínganrín. Tíṣà wo bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló ṣe yín? Kí ló dé tí ẹ ń wọ́ ẹsẹ̀?"

"Oòrùn ni, sà," ni Ajíbádé yára fèsì.

Rẹfirí fọn fèrè. Adéjàre, olórí àwọn ọmọ Òkukù, jẹ́ ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń sáré bí ẹtu. Kí Ajíbádé tó yí ara padà, Adéjàre ti kọjá lára rẹ̀, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Adépọ̀jù sáré lẹ́ẹ̀kan, ó di ikùn mú, ó dúró. Bọ́ọ̀lù kejì wọlé. Obìnrin kan pariwo létí pápá pé, "Ẹ gba mí o! Ẹ wo balógun wọn, ó ń rìn bí aboyún!"

Adéjàre gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ikùn ni ẹ gbé wá, ẹ ò gbé ẹsẹ̀ wá!"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo pápá sọ ọ́ di orin: "Ìkìrun gbé ikùn wá o, wọn ò gbé ẹsẹ̀ wá!" Yẹ̀yẹ́ lásán ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe; wọn kò mọ̀ pé òtítọ́ ni. Oyèdélé fò sọ́tùn-ún, ó fò sósì, títí ara rẹ̀ fi kọ̀. Mẹ́rin sí òdo ni eré náà parí sí.

Tíṣà Olúbọ̀dé kò pariwo. Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

Nínú lọ́rì, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Adépọ̀jù ni ó kọ́kọ́ la ẹnu. "Kì í ṣe ojú lásán. Ṣé ẹ rí i bí ẹsẹ̀ wa ṣe wúwo? Wọ́n fi nǹkan ṣe wá ni."

Bí a bá ní kí a sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà tu Ajíbádé nínú díẹ̀, nítorí ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ.

"Ọmọ mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi," ni bàbá Adépọ̀jù wí. "Ìnísà ni wọ́n ti jẹun. Ìnísà àti Òkukù, ṣé ibì kan náà kọ́ ni? Ta ló mọ ohun tí ìyá arúgbó yẹn bù sínú ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa?"

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni ẹlòmíràn fèsì. "Mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀."

Túnráyọ̀, ìyá Ajíbádé, dúró nítòsí, ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tó bí i lọ́mọ ni wọ́n ń pè ní òṣìkà yìí. Ó pa ìwé orin dé, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ajíbádé rí i. Ó tún rí Tíṣà Olúbọ̀dé tí ó dúró lápá kejì igi. Bí Ajíbádé bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè mọ́. Àánú rẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe, yóò sì máa jẹ́ olórí lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ojú Tíṣà ni yóò ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Màmá Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́?

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ajíbádé bọ́ síwájú. "Màmá mi kò fi nǹkan kan sí i. Iyán ni. Iyán lásán ni. Tíṣà ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má jẹun. Èmi ni mo ránṣẹ́ sí màmá, èmi ni mo kó wọn wọlé, èmi náà ni mo purọ́ pé oòrùn ni. A yó jù ni."

Bàbá Ọláníyan, tí ó dàgbà jù nínú ìjọ, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Iyán ló gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin wọlé, ẹ ń wá àjẹ́ kiri!"

Ẹ̀rín sọ. Adépọ̀jù yọ́ gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bàbá rẹ̀ ṣí fìlà níwájú Túnráyọ̀, ó ní, "Ìyá Ajíbádé, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò dára." Ṣùgbọ́n Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Ajíbádé fún ìgbà pípẹ́, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó pè é sí ọ́fíìsì.

"Ẹnì kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tí ó ta ogún ìbí rẹ̀ nítorí àwo ọbẹ̀ kan," ni Tíṣà wí. "Tirẹ̀ tilẹ̀ sàn. Ebi ń pa òun."

Ajíbádé dojú kọlẹ̀.

"Irọ́ tí o pa fún mi ní Òkukù dùn mí ju mẹ́rin sí òdo lọ. Ṣùgbọ́n lánàá, o sọ òtítọ́ níbi tí irọ́ ti rọrùn. Nítorí ìyẹn ni mo fi lè wo ojú rẹ lónìí. Mo dárí jì ọ́, Ajíbádé. Síbẹ̀, olùṣọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ da agbo lọ sí ibi tí wọ́n ní kó má dà wọ́n lọ, a ní láti gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Oyèdélé ni olórí yín láti òní lọ."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ajíbádé wí, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Òkukù ló lọ sí Òṣogbo lọ́dún náà.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, Ajíbádé lọ sí Ìnísà láti tọrọ àforíjì. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gúsí lórí ẹní.

"Àkànjí, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo rò pé inú yóò bí yín, Màmá. Ẹ ti gún un tán."

"Inú á bí mi kẹ̀?" Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Àwọn àgbà ní ẹnu la fi ń kọ 'mi ò jẹ.' Bí o bá ti ní, 'Màmá, ó di lẹ́yìn eré,' ǹ bá kó àwọn ọmọ ilé yìí sẹ́yìn, kí a jọ wá pariwo orúkọ rẹ ní Òkukù. Bí a bá dé, a ó tún òmíràn gún. Yálà ẹ borí ni o, yálà wọ́n borí yín. Ìwọ lo rò pé ìfẹ́ mi kò lè gbọ́ 'rárá.'"

Ajíbádé gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré.

Tíṣà Olúbọ̀dé ti sùn nínú Olúwa báyìí, Màmá Àbẹ̀kẹ́ náà ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn kò lọ. Ẹni tó fẹ́ràn yín ní tòótọ́ kò ní kọ̀ yín nítorí pé ẹ sọ fún un pé kò tíì tó àkókò. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn bo ẹ̀bi yín mọ́lẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ó tó ogún ọdún.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí, kí Olúwa fún ọ ní ẹnu tí ó lè kọ ohun tí kò yẹ, kí ó sì fún ọ ní ọkàn tí kò ní le láti jẹ́wọ́. Ohun ńlá tí Ọlọ́run fi sí iwájú rẹ, o kò ní tà á nítorí adùn ọjọ́ kan. Àwọn tó fọkàn tán ọ kò ní kábàámọ̀. Àmín.