Sọ́rì Waheedah

"Tell me about yourself," ni Waheedah wí, ó lejú bí ọ̀gá ilé iṣẹ́.

Auntie Medinat tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Àbúrò ìyá Waheedah ni, ọdún tó kọjá ló ti Ìjẹ̀bú dé sọ́dọ̀ wọn ní Thamesmead, ní London. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Woolwich ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ̀túnla, ó sì ń fẹ́ iṣẹ́ náà lójú méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọsẹ̀, ó sì ń dìde. Níwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ti lè sọ ọ́ láìtijú, ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi jọ ń dánra wò.

Àṣé Waheedah ti gbé fóònù ti àpò ìrẹsì, ó ń fi ya fídíò gbogbo rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí Jayden, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fún ẹ̀rín lásán. Jayden náà fi ránṣẹ́ sí ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní Powis Street, ọmọbìnrin kan na fóònù sí Auntie Medinat, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?"

Ó lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ṣáá. Ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò là á. Wọn kò gbà á.

Nígbà tí Auntie Medinat délé, Waheedah kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. "Sorry, Auntie. It was just banter."

Inú bí ìyá Waheedah. "Sọ́rì tí o máa ń sọ fún ẹni tí o bá tẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun náà lo gbé wá bá àbúrò mi? Nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ á kúnlẹ̀, á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Astaghfirullah tí o fi ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nílé kéú ńkọ́? Ṣé Àlùfáà kò sọ fún ẹ pé ẹni tí o ṣẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ lọ bẹ̀?"

Ìgbéraga kò jẹ́ kó ṣe é lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń yẹra fún Auntie rẹ̀ kó tó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Auntie, ẹ fi orí jì mí. Èmi ni mo ya fídíò yẹn, èmi ni mo fi ránṣẹ́. Ẹ fọkàn tán mi, mo dalẹ̀ yín." Ó ń sunkún bó ti ń sọ ọ́.

Auntie Medinat fà á dìde. "Mo ti fi orí jì ẹ́. Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré."

Ara tu Waheedah. Ó ní kí àwọn jọ tún bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, nítorí ibi iṣẹ́ mìíràn. Auntie rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó má ṣèyọnu, òun á máa dá a ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí Waheedah ti ti ilé ìwé dé, ó gbọ́ ohùn Auntie rẹ̀ nínú yàrá, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ara rẹ̀. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ kan síwájú, ohùn náà dákẹ́. Kò lè kan ilẹ̀kùn. Àbámọ̀ bá a gidigidi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ máa bẹ̀bẹ̀ bí ẹ bá ṣẹ̀, kí ẹ sì bẹ ẹni náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ẹni tó fọkàn tán yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ rántí pé bí wọ́n tilẹ̀ fi orí jì yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó lè gba ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó tún lè sọ̀rọ̀ fàlàlà níwájú yín.