Òkú Ẹlẹ́dẹ̀ Mẹ́sàn-án ní Ìrèsà

Abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́sàn-án ni Àyọ̀kẹ́ bá ní òkú nínú oko rẹ̀ ní Ìrèsà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé ni, níbi tó ti lo odindi ọjọ́ kan nídìí ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó ẹlẹ́dẹ̀ gba títì. Bó bá jẹ́ ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó máa ń ràn ló pa wọ́n, ìjọba yóò ní kí wọ́n pa ọgọ́ta tó kù, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá á sì parí síbẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ọláolúwa, máníjà oko, ti kọ ìwé sílẹ̀ dè é: ibà ni. Kó sáà fọwọ́ sí i, kí wọ́n tètè sin wọ́n. "Màmá, omi ló dànù, agbè ò fọ́," ló ń fi tù ú nínú. Àyọ̀kẹ́ mú bírò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹran yìí jẹun yó kó tó lọ, ibà kì í sì í pa mẹ́sàn-án pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó pe ọlọ́pàá ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ògúndìran, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ mú ju ẹnu lọ, kọ́kọ́ pe Simon tó ń bọ́ ẹran. Simon ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: Ọláolúwa ló ní kí òun lọ sinmi lánàá. Ọláolúwa ní irọ́ ni, òun kọ́. Ìnsípẹ́kítọ̀ ò dá sí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ etí àwọn òkú náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ìgbà wo lẹ máa ń gé etí wọn?"

"Bí wọ́n bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta láyé ni. Gígé yẹn la fi ń mọ nọ́ńbà wọn."

Ògúndìran dìde. "Ọláolúwa, èyí tí wọ́n gé lọ́jọ́ mẹ́ta á ti jinná tipẹ́. Tuntun lèyí, kò sì sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan níbẹ̀, torí òkú kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ẹran ibòmíràn ni wọ́n. Nọ́ńbà wọn bá ti inú fáìlì mu, ìwọ nìkan lo sì ń tọ́jú fáìlì. O kó ti màmá lọ, o fi òkú dí àyè wọn, kí ìwé ibà lè bo àṣírí rẹ."

Ọláolúwa kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àyọ̀kẹ́ mí kanlẹ̀. Ibà ò wọ oko rẹ̀, ọgọ́ta tó kù á yè. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Níbo lo ti rí òkú wọ̀nyí?" ni Ògúndìran bi í.

"Oko kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé ni, sà. Ibà ló pa wọ́n níbẹ̀. Mo fẹ́ kí dókítà ẹran bá ibà gidi bó bá dé ni."

Ẹ̀rù tó bà Àyọ̀kẹ́ wàyí ju ti àárọ̀ lọ. Ó rọra yíjú sí ilé ẹlẹ́dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ẹran ibẹ̀ ti na imú gba àárín irin, wọ́n ń lá etí òkú tó sún mọ́ wọn.