Wákàtí Mọ́kànlá Gbáko

Àbúrò mi yá jù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Aago méje àárọ̀ ló pè mí láti inú bàálù pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, òun ń bọ̀ wá wo Màmá tí àìsàn dè mọ́lẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ló kan ilẹ̀kùn wa.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí ẹ kò rí bàálù rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń tà, ó ti pé ọdún méjìlélógún. Láti ìlú rẹ̀ dé ìlú wa, ẹgbẹ̀rún márùn-ún máìlì ni, wákàtí mọ́kànlá gbáko. Olówó ti bẹ̀ mí títí kí n dín in kù. Pásítọ̀ kan tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà mi, ó gbàdúrà títí ó fi làágùn. Ìṣẹ́jú kan kò yẹ̀.

Síbẹ̀, òun náà ló dúró yìí. Àpótí ọwọ́ rẹ̀ kò ní ìwé pélébé tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹrù. Òtútù ń jáde lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣí fíríìjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Màmá ni mo wá mú. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Màmá, tí kò dá dìde láti oṣù kan, ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà nínú yàrá. "Ọmọ mi, dúró dè mí o!"

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Àmọ́ ẹ̀rù kì í pa mí lẹ́nu mọ́. Mo fi apá dábùú ẹnu ọ̀nà.

"Wákàtí méjì péré lo lò. Mẹ́sàn-án ló kù. Lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta yẹn, kí o lò ó pé!"

"Ọ̀nà tí mo gbà kò jìn."

"Èmi kọ́ ni mo ta ìyẹn fún ọ. Jókòó!"

Ó wò mí, kò ṣẹ́jú. Ó sì lọ jókòó. Láti kékeré, àbúrò mi kò ṣe ohun tí mo wí rí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo fẹ̀yìn tì í. Màmá sunkún, wọ́n bú mi, wọ́n ní ìkà ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò kúrò níbẹ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ti balẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti há. "Wọ́n ní lẹ́yìn wákàtí méjì tí a gbéra ni mo kú. Wọ́n ti fi aṣọ bò mí lójú. Ìgbà tí táyà kanlẹ̀ ni mo jí." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n wọlé?"

"O tètè dé jù."

Mo ṣílẹ̀kùn. Ibi tí èèyàn jókòó sí ti rin gbindin lórí bẹ́ǹṣì náà. Ibi méjì ni. Ọ̀kan ti ń gbẹ. Èkejì ṣì ń tutù sí i: ẹni tó bá a wá kò tíì lọ.

Mo gbé àga mi síta, mo jókòó kọjú sí i.

"Ìwọ náà," mo ní, "tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dà?"