Olùtọ́jú Màlúù ní Oko Ekvall

Màlúù pupa kan ni Ọmọ́yẹni kọ́kọ́ rí. Ìwo rẹ̀ nà síta lọ́tùn-ún lósì, ó dúró sí àárín ọ̀nà tó wọ oko Ekvall, lẹ́yìn ìlú Rosenberg ní Texas, ó sì tẹjú mọ́ mọ́tò Ọmọ́yẹni bí ẹni pé òun ló ni ọ̀nà. Ọmọ́yẹni fọn fèrè. Màlúù náà tún sún mọ́ ọn sí i. Ọmọbìnrin náà fẹ́ fi ẹ̀yìn rin mọ́tò, táyà rì sínú ẹrẹ̀, àyà rẹ̀ sì já. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Houston ló ti dàgbà, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá màlúù sọ̀rọ̀ nínú ìlú méjèèjì.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn wáyà ọgbà.

"Ìwọ yìí, ojú ò tiẹ̀ tì ọ́? Àlejò lò ń dẹ́rù bà báyẹn? Ó yá, wálé."

Yorùbá ni. Ọmọ́yẹni kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú, ó dé fìlà koríko, bàtà rọ́bà rẹ̀ dé orúnkún. Ó gbé ọwọ́ lé màlúù náà lọ́rùn, ó ń tì í jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ti ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé, màlúù náà sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó padà wá síbi fèrèsé mọ́tò, gẹ̀ẹ́sì ló fi kí i.

"Ẹ ṣeun o," Ọmọ́yẹni fi Yorùbá dá a lóhùn. "Mo ti rò pé ó fẹ́ pa mí ni."

Ẹ̀rín bo ojú ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò pẹ́ níbẹ̀. Ó wo ọ̀nà tí Ọmọ́yẹni gbà wá, ó wò ó títí, bí ẹni tó ń retí pé mọ́tò mìíràn á yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló rán yín wá?" ó bèèrè.

Ilé ìwé ló rán an wá. Oṣù kẹta ọdún 1986 ni, Ọmọ́yẹni ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì àdúgbò Third Ward ní Houston, ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní kó kọ̀wé lórí Jonas Ekvall, ará Sweden tó ṣòwò, tó sì sin màlúù ní agbègbè náà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọ-ọmọ Ekvall ni àwọn ìwé rẹ̀ wà. Miss Astrid lorúkọ ìyá náà, ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì gbà kí ìwé kankan jáde kúrò nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó wá jókòó sí fàráńdà òun. Ọkùnrin tó ń bá a tọ́jú màlúù ni Ládépọ̀, ẹni tó lé màlúù kúrò lọ́nà.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́yẹni ṣe ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Miss Astrid á ka èdè Sweden, á túmọ̀ rẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì, Ọmọ́yẹni á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ekvall nígbà tí ọkọ̀ òkun tó ń bá ṣiṣẹ́ gúnlẹ̀ sí Galveston. Ọ̀gá ọkọ̀ ti nà án títí ara rẹ̀ fi bó, ló bá sá. Nígbà náà, wọ́n máa ń mú atukọ̀ tó bá sá, wọ́n á sì dá a padà fún ọ̀gá rẹ̀. Ekvall di abẹ́rẹ́, òwú àti ìkòkò sẹ́yìn, ó ń kiri láti oko dé oko. Nígbà tó yá, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí etí odò Brazos, ó ra ilẹ̀, ó ra màlúù. Ó tún tajà fún àwọn olóko tó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún àwọn ẹrú náà ló ń tà. Ọmọ́yẹni kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ẹ̀rù sì bà á pé ìyá arúgbó á bínú. Miss Astrid kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí bàbá àgbà òun ṣe ni.

Ládépọ̀ máa ń wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Òun ló ń se ẹ̀wà, Miss Astrid sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ata. Ládépọ̀ á bèèrè lọ́wọ́ Ọmọ́yẹni pé kí ni òyìnbó rẹ̀ tún ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ́yẹni á fi ohùn Ṣakí tí Ládépọ̀ fi ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á ní àwọn màlúù Texas ti ń sọ ẹnu Òkè-Ògùn. Ládépọ̀ ń rẹ́rìn-ín bí i ti àwọn yòókù, àmọ́ kò jẹ́ jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ọ̀nà. Bí mọ́tò bá kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí síbí.

Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ni Ọmọ́yẹni mọ ìdí rẹ̀. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, tó ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń ya àwòrán pẹpẹ ọjà, nígbà tí Ládépọ̀ já wọlé, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì fara mọ́ ògiri.

"Dákẹ́, jọ̀ọ́," ó ní. "Má sọ nǹkan kan."

Láti inú ihò pákó, Ọmọ́yẹni rí ọkọ̀ funfun méjì nínú oko kejì, tí wọ́n ti fi irin dí fèrèsé wọn. Àwọn ìmígírésọ̀n ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Àwọn ará Mexico tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń sá gba àárín àgbàdo, fìlà ń bọ́ sílẹ̀, obìnrin kan ṣubú, kò sì tíì dìde tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ìmígírésọ̀n náà rìn wá sí ẹnu ọ̀nà oko Ekvall. Miss Astrid mú ọ̀pá, ó lọ pàdé rẹ̀. Ọkùnrin náà bèèrè ta ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Ìyá náà ní òun àti àwọn màlúù òun ni. Ọkùnrin náà wo mọ́tò Ọmọ́yẹni, ó wo ṣọ́ọ̀bù náà pẹ́ títí. Nígbà tí ọkùnrin náà padà lẹ́yìn, ni Ọmọ́yẹni àti Ládépọ̀ tó rí i pé àwọn ti di ọwọ́ ara wọn mú.

Ládépọ̀ wá sọ fún un. Ọdún 1978 ló wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ọ̀sìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1981, bàbá rẹ̀ kú ní Ṣakí, kò sẹ́ni tó lè rán an nílé ìwé mọ́, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú sì kú. Láti ìgbà náà, kò sùn kó má lálàá ọkọ̀ funfun.

"Tó o bá ní ọgbọ́n lórí," ó ní, "o ò ní padà síbí mọ́."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́yẹni tètè dé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀rù náà di ti àwọn méjèèjì. Lórí títì ńlá, bí Ọmọ́yẹni bá rí ọkọ̀ funfun, á tẹ bíréèkì, á sì jẹ́ kó kọjá lọ. Bí tẹlifóònù bá dún láàárọ̀ kùtù, á kọ́kọ́ gbàdúrà kó tó gbé e. Síbẹ̀ inú ìbẹ̀rù yẹn ni ìfẹ́ wọn ti dàgbà. Ládépọ̀ ń pè é ní Àdùkẹ́, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ rí, ó ní ó yẹ kí ẹnì kan ti fún un.

Nínú oṣù kẹsàn-án, Ládépọ̀ ní òun fẹ́ rí bàbá Ọmọ́yẹni. Ẹnjiníà Láyíwọlá jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà, ilé rẹ̀ sì wà ní Stafford, lẹ́bàá Houston. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Ọmọ́yẹni nìkan ló bí. Ó gba Ládépọ̀ lálejò, ó fún un ní ohun mímu, ó bèèrè ìdílé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló bèèrè ìwé wo ló fi ń gbé ìlú. Ládépọ̀ kò purọ́.

"Ọmọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọmọ ilẹ̀ yìí," bàbá náà ní. "Tó bá fẹ́ ọ, ìwọ náà á rí ìwé gbà. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ọmọ mi kì í ṣe ìwé ìgbélùú."

Ládépọ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mo gbọ́, sà. N kò ní fẹ́ ẹ títí màá fi gba ìwé ní orúkọ ara mi. Tí n kò bá rí i gbà, n kò ní padà wá."

Ọmọ́yẹni sunkún, ó bá bàbá rẹ̀ jà, ó bá Ládépọ̀ náà jà. Ó ní kí Ládépọ̀ fẹ́ òun kí ọkàn òun balẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ máa sọ ọ́. Ládépọ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Nínú oṣù kọkànlá ni ìjọba ṣe òfin tuntun. Ẹni tí kò ní ìwé, tó sì ti wà nílùú láìní in ṣáájú ọdún 1982, lè fara hàn, kó sì tọrọ ìwé. Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé tàkúté ni, pé wọ́n fẹ́ kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kí wọ́n lè kó o sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ládépọ̀ rù. Ó ń já ìwé tó ti kọ, ó tún ń kọ òmíràn.

Sátidé kan, Ọmọ́yẹni kà lára ìtúmọ̀ ìwé Ekvall fún Ládépọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni atukọ̀ náà fi ń wọ inú igbó nígbà tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kẹwàá ló lọ sí kóòtù ní Richmond, ìlú tó wà nítòsí, tó lọ búra kó lè di ọmọ ìlú. Ó kọ ọ́ pé ẹnu òun gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi tọrọ omi lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ládépọ̀ bèèrè pé: "Ṣé wọ́n fún un lómi?"

"Kò kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ládépọ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó ní òun á gbé omi tòun lọ́wọ́.

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́, nínú oṣù kẹfà ọdún 1987 ni wọ́n sì pè é sí ọ́fíìsì ìmígírésọ̀n. Miss Astrid ti kọ lẹ́tà pé ọdún mẹ́fà ló ti ń gbé lórí ilẹ̀ òun, ó búra sí i níwájú lọ́yà, ó sì kó àwòrán Ládépọ̀ pẹ̀lú ọmọ màlúù ọdọọdún mọ́ ọn. Ọmọ́yẹni ló wa Ládépọ̀ lọ. Kó tó jáde nínú ilé láàárọ̀, ó sọ ibi tó ń lọ fún bàbá rẹ̀.

Níwájú ọ́fíìsì náà, Ládépọ̀ fi ìwé kékeré kan sí i lọ́wọ́, àdírẹ́sì ìyá rẹ̀ ní Ṣakí.

"Àdùkẹ́, tí n kò bá jáde, kọ̀wé sí wọn. Sọ pé ara mi yá."

Ó wọlé. Wákàtí kan kọjá, èkejì kọjá. Oòrùn ń ta lórí ọ̀dà, Ọmọ́yẹni kò sì lè ṣí fèrèsé, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Ní wákàtí kẹta, ọkọ̀ funfun kan tí wọ́n fi irin dí fèrèsé rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn ilé náà. Ó rí orí àwọn ènìyàn nínú rẹ̀, kò rí ojú wọn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e, ó ń pe orúkọ Ládépọ̀ títí ọkọ̀ náà fi wọ ojú títì ńlá.

Ẹnì kan dì í lápá mú. Bàbá rẹ̀ ni, nínú aṣọ iṣẹ́.

"Wá jókòó," ó ní. Ó mú un padà sínú mọ́tò, ó jókòó tì í. Ó ní nígbà tí Ọmọ́yẹni ṣì wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìyá rẹ̀, òun gbé Houston fún oṣù mẹ́jọ láìní ìwé. Òun kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ títí ó fi kú.

"Ẹ̀rù yìí, mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "N kò fẹ́ kó wọ ilé mi mọ́. Ohun tó mú mi sọ ohun tí mo sọ nìyẹn."

Ọmọ́yẹni ń wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà. Àwọn ènìyàn ń jáde, Ládépọ̀ kò sí nínú wọn. Obìnrin kan jáde, ó ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó lè mọ irú ẹkún tó jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ládépọ̀ yọ. Ó ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn. Ó di káàdì kékeré kan mú ní ọwọ́ méjèèjì, àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n ti gba ìwé ìbéèrè rẹ̀. Ó lè máa ṣiṣẹ́, ó lè máa rìn, títí ìwé gidi á fi dé.

Ó rí bàbá Ọmọ́yẹni, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. Ẹnjiníà Láyíwọlá dá a dúró, ó ní ilẹ̀ á jó o.

"Ní orúkọ ara mi ni wọ́n kọ ọ́, sà," Ládépọ̀ ní. "Ẹ jọ̀ọ́, mo wá tọrọ ọmọ yín."

Bàbá náà wo káàdì ọ̀hún, ó dá a padà fún un. "Òun ni kó o bi léèrè. Òun ló jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀."

Ládépọ̀ yíjú sí i. Ọmọ́yẹni rí i pé ẹni tí kò bẹ̀rù màlúù kankan ń bẹ̀rù ohun tí òun máa sọ.

"Màá fẹ́ ọ," Ọmọ́yẹni ní. "Ṣùgbọ́n o ò tún gbọdọ̀ fi mí sílẹ̀ sínú mọ́tò mọ́. Ibi tó o bá ń wọ̀, a jọ máa wọ̀ ọ́ ni."

"A jọ máa wọ̀ ọ́," Ládépọ̀ tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń búra.

Ọmọ́yẹni fẹ́ ṣíná mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ kò wọ ihò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó fi mọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì wa àwọn méjèèjì lọ sílé.